Èmi ni mo kọ "Mo gbà" yẹn

Ọdún 2018 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń fi áàpù orí fóònù yá àwọn èèyàn lówó. N kò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti di ohun tí wọ́n ń pè mí lónìí, ìyẹn ẹni tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí bí wọ́n ṣe lè wọ iṣẹ́ yìí ti pọ̀ báyìí. Ìwé tí mo kà àti ibi tí mo ti kà á ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́. Ohun tí mo bà jẹ́ ni èmi fẹ́ sọ fún wọn, kí ẹlòmíràn má bàa ba irú rẹ̀ jẹ́.

Ìyá mi kò mọ bí òun yóò ṣe pe iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bi mí nígbà kan pé, "Ṣé lọ́yà ni ẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá, mà." "Àbí ìwọ lò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?" Mo ní rárá. Mo ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan tuntun, èmi ni mo máa ń béèrè ẹni tí nǹkan náà máa pa lára." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n á sì gbọ́?"

Bí áàpù wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó fẹ́ yáwó kò ní í fi ilé tàbí ilẹ̀ dúró. Fóònù rẹ̀ ló ń fi dúró. Áàpù náà á ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí i, kí a lè mọ iye tó ń wọlé fún un. Á wo àdúgbò tó wà. Á sì da gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà wa. Láti ọdún 2015 ni Android, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ fóònù, ti ní kí áàpù máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù kó tó fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a ṣe ojú ìwé kan tó ń ṣàlàyé, tó máa ń yọ kí àpótí ti Android fúnra rẹ̀ tó yọ. Ní 2019, ọ̀gá wa ní ká túmọ̀ ojú ìwé náà sí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Èmi ni wọ́n gbé ti Yorùbá fún.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gan-an. Mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta, mo sì fi bọ́tìnnì méjì sí ìsàlẹ̀ wọn. Ọ̀kan fẹ̀, aláwọ̀ ewé ni, mo kọ "Mo gbà" sí i. Èkejì kéré, ó dà bí eérú, mo kọ "Rárá" sí i. Bí èèyàn bá tẹ "Rárá", áàpù á dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe ọ̀kan ní ńlá kí n sì ṣe ìkejì ní kékeré. Bí mo ṣe rí i nínú àwọn áàpù yòókù ni mo ṣe ṣe é.

Oṣù Kìíní ọdún yẹn náà ni NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé ìlànà kan jáde lórí ààbò ìsọfúnni ará ìlú. Ìlànà náà ní kí a gba ìyọ̀ǹda èèyàn kí a tó lo ìsọfúnni rẹ̀, kí a sì sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ilé iṣẹ́ wa wá nílò ẹni tí yóò buwọ́ lù ú pé à ń tẹ̀lé e. Èmi tí mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ nípàdé ni wọ́n fi jẹ oyè náà, wọ́n sì fi nǹkan díẹ̀ kún owó oṣù mi. Mo kọ ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá, mo to ohun gbogbo sínú rẹ̀ létòlétò, mo buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìwé yẹn, torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe tó tóbi jù wà. Kí n tó kọ ọ́, mo bá lọ́yà ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bá àwọn tó ń kọ kóòdù sọ̀rọ̀. Mo ka òfin àwọn ará Yúróòpù lórí ààbò ìsọfúnni. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí àwọn tó ń sin gbèsè jókòó sí. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Àràárọ̀ ni mo ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, mo ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, mo sì ń kí wọn. Mo kọ sínú ìwé mi pé ìdánimọ̀ oníbàárà nìkan ni a ń fi àwọn nọ́ńbà náà wò. Ohun tí ọ̀gá sọ fún mi nìyẹn. N kò bi ẹni tó ń lò wọ́n.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. Ìbàdàn kò ti ilẹ̀kùn bíi ti Èkó, ṣùgbọ́n ẹrù kò wọlé dáadáa mọ́, oníbàárà kò sì jáde. Àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wa kò rí i san. Ní oṣù Karùn-ún, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní olè ni obìnrin yìí, ó ti gbé owó olówó sá lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un kó dá a padà kí ọlọ́pàá tó dé. Orúkọ obìnrin náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tó fi forúkọ sílẹ̀. Àǹtí mi wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Bá mi wo èyí. Akápò ẹgbẹ́ wa ni o. Ṣé o mọ àwọn èèyàn yìí?"

Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wa ló wà nídìí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ara mi tutù. Ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fèsì. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, àǹtí mi á rò pé òótọ́ ni, síbẹ̀ mo dákẹ́. Ìbẹ̀rù pé wọn á mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun ló dí mi lẹ́nu. Nínú ọjọ́ méjì yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù obìnrin náà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní oṣù Keje, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Obìnrin náà ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Mo kí i, ó ní, "Káàsán, ọmọ mi. Láfún àbí ti iṣu?" Mo sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún un. Ó gbé kóńgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ìyẹ̀fun kúrò lójú fóònù rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde, ó sì nà án sí mi láìsọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló yá, láti san 19,500 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kí ọjà tó dákẹ́. Mo bi í pé, "Mà, nígbà tí ẹ ń ṣe é lórí fóònù, ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n ti ní àwọn fẹ́ wo nọ́ńbà àwọn èèyàn yín?"

Ó ní, "Mo rí ibi tí wọ́n ti bi mí pé ṣé mo gbà. Mo ní mo gbà. Ṣebí owó ni mo wá gbà? Kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbà?"

N kò lè dá a lóhùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo àmì sí. Ẹni tó gba owó, ó gbà. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, ó gbà. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ tó sì yọ̀ǹda, òun náà gbà. Ẹni tó wá yáwó, tó rí "Mo gbà" gàdàgbà lójú fóònù, owó tó ń dúró dè ló máa wá sí i lọ́kàn. Èmi tí mo mọ èdè náà ló yẹ kí n rí èyí. Bí mo bá ti gbé ojú ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà kan ṣoṣo kí n tó fi sílẹ̀, ì bá ti sọ ọ́ fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó ní ẹgbẹ́ ti ní kí òun kó ìwé owó sílẹ̀ ná, títí ọ̀rọ̀ á fi tán nílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ́ akápò. Ó ní, "Gbèsè kì í ṣe tuntun sí mi. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni n kò mọ bí mo ṣe máa gbé e." Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, n kò sì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá mu bíi tirẹ̀ rí. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ ohun tó fi dúró fún owó: ara rẹ̀ ni. Ìyá yìí kò mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ni òun fi dúró.

Mo padà sí Èkó pẹ̀lú ìbínú, mo sì ṣe àṣìṣe kejì. Mo wọ ìpàdé, mo sọ̀rọ̀ sókè, mo ní ìwà ìkà ni à ń hù. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n n kò mú nǹkan kan dání. Ọ̀gá kan ní, "Ṣebí àwọn baba wa náà ń rán ológò sí ajigbèsè?" Àwọn yòókù mi orí. Òótọ́ ni pé bí ẹni tó jẹ gbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó lè rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ológò á máa pariwo, á máa bú u, á máa kó adìẹ ilé jẹ, títí àwọn ará ilé á fi wá owó náà san. Ìyà ni, n kò ní í fi orúkọ míì pè é. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìlú ni ológò fi ń ṣiṣẹ́, àdúgbò mọ ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó rán an. Ta ló mọ ojú ẹni tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tiwa? Ó dalẹ́ kí èsì yìí tó sọ sí mi lọ́kàn, ìpàdé sì ti tú ká.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní 2019. Mo gbé àga mi sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin gbèsè, mo sì jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Iye tí wọ́n bá gbà padà ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé òun kì í jẹun ọ̀sán mọ́, torí èébú tí òun ń bú àwọn ẹni tó tó ìyá òun lọ́jọ́. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè rí àkọsílẹ̀ wọn. Nígbà tí a jọ tò ó, a rí i pé àwọn tí wọ́n pè, tí wọ́n sì fún láyè ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ń san ju àwọn tí wọ́n dójú tì lọ. Ẹni tí o bá ti bà lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo ayé, kí ló kù tó ń dáàbò bò?

Àkọsílẹ̀ yẹn ni mo gbé padà lọ sí ìpàdé, wọ́n sì gbọ́. Wọ́n dá àtẹ̀jíṣẹ́ náà dúró. Mo bú sẹ́kún lójú ọ̀nà nígbà tí mo ń lọ sílé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tó dáwó sílé iṣẹ́ ń fẹ́ èrè, àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì padà wá. Mo ní, "Ṣebí a ti fẹnu kò?" Wọ́n ní níbo la kọ ọ́ sí? N kò kọ ọ́ síbì kan. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìpàdé tí mo ṣe tí n kì í kọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí, kí n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kódà bí wọ́n bá ní ẹ le jù.

Ní oṣù Kejìlá 2020 ni ìròyìn Timnit Gebru jáde, onímọ̀ tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí ìwádìí lórí ìwà ọmọlúàbí ní Google. Google ní ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, òun ní wọ́n lé òun ni, lórí ìwé ìwádìí kan nípa ewu àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn. Gebru àti onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, Joy Buolamwini, ló ti fi hàn ní 2018 pé àwọn ẹ̀rọ kan tó ń wo ojú èèyàn láti mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ń ṣi àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ̀ títí dé ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò sì tó ẹyọ kan. Mo ka ìròyìn náà lóru. Mo ní bí ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù iṣẹ́, kí ni tèmi?

Mo fẹ́ kúrò lọ́jọ́ kejì. N kò lè kúrò. Owó ilé ń bọ̀, n kò sì ní owó oúnjẹ oṣù kan nípamọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo tún fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti mọ ohun tí mo mọ̀, orúkọ mi sì wà lórí ìwé olójú ewé mẹ́rìnlá yẹn ní gbogbo àkókò náà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ló ṣì ń dùn mí jù. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe kó tó wọ iṣẹ́ yìí, mo máa ń sọ fún un pé kó fi owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà pamọ́. Iṣẹ́ wa ni kí á máa sọ pé "Ẹ má ṣe é." Ẹni tí ebi yóò pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn nǹkan kan yí padà lẹ́yìn tí mo kúrò. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àtàwọn àjọ míì ya wọ àwọn ọ́fíìsì irú wọn ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google kò gbà kí áàpù ẹ̀yáwó máa ka nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù mọ́, oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni ti orílẹ̀-èdè wa. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà 2019 ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ ìyá yìí tó pé, èmi ni mo sì buwọ́ lù ú pé à ń tẹ̀lé e.

Àwọn ilé iṣẹ́ ń pè mí báyìí láti wo nǹkan wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe é tán ni wọ́n ń pè mí, kí n wá fi orúkọ mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo gba méjì bẹ́ẹ̀ torí owó, n kò sì lè yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú wọn. Ohun tí mo ń kọ sínú àdéhùn nísinsìnyí ni pé kí n rí i nígbà tó ṣì wà ní tútù, kí wọ́n jẹ́ kí n bá àwọn tí yóò lò ó sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá nítòsí, kí èsì mi sì wà nínú fáìlì bó ti wù kó korò tó. Àwọn kan kì í pè mí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á.

Ìbéèrè kan wà tí n kì í fo. Bí ẹ̀rọ bá ní rárá, ọ̀nà wo ló kù? Ní ọjọ́ ìdìbò ní oṣù Kẹta 2015, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kò dá ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan mọ̀ ní Òtúòkè. Wọ́n wá ọ̀nà míì, ó sì dìbò. Ní ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa fi ìka nìkan dá oníbàárà mọ̀, mo mú àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ wá láti ìgbèríko Ìbàdàn. Ọ̀bẹ àti omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn. Ọ̀kan tẹ àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀rọ kò dá a mọ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà kejì, kí n tó la ẹnu.

Ní 2022, mo tún gbé ojú ìwé ìyọ̀ǹda kan lọ sí Bódìjà fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ṣé kí a máa wo nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù yín?" Bọ́tìnnì méjèèjì dọ́gba, "Ẹ lè wò ó" àti "Ẹ má wò ó". Àwọn ìyá náà kà á, ọ̀pọ̀ wọn sì bi mí lójú ẹsẹ̀ pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ilé iṣẹ́ náà kò rí èsì tó dáa fún un, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Mo yà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìwé owó ẹgbẹ́ kò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a san àjọ, kò lọ sí ìpàdé mọ́. Mo sọ ohun tí n kò lè sọ ní 2020 fún un, pé yàtọ̀ sí pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kà lórí fóònù yẹn. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àpò láfún. Ó fà mí dìde. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́? Yorùbá rẹ̀ dáa. Òun ló jẹ́ kí n fọkàn tán wọn."